Iṣẹ́ Tí Alájì Rán Mi

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ àti káńfọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ṣọ́ọ̀bù Alájì ni, ní Apple Junction, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ará Festac ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bí o bá ti wọlé báyìí, ọṣẹ ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, káńfọ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ata ilẹ̀ tí Alájì máa ń sè mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ á wá bá ọ nímú. Ìwọ náà á ti ra nǹkan nírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí, tí ò ń lọ tí ò ń bọ̀ láìbéèrè ohun tó wà nínú ẹni tó ń wọn ṣúgà fún ọ. Èmi náà kọjá níwájú ibẹ̀ fún bí ọdún mẹ́fà láìyà níbẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo wá yà, mo lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń kú ni. Má rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo bá lọ gan-an nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Amuwo, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìjọ wa ní Festac. A fẹ́ ṣe eré kan fún ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́. Obìnrin kan tó kọ́ mi ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ló kọ eré náà, àwọn náà ló sì ń darí wa. Màdáàmù la máa ń pè wọ́n. Èmi ni wọ́n fi ṣe Balógun. Balógun yìí rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣíwájú ogun. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn dúró di ọjọ́ kejì, bàbá kọ̀. Ọmọ lọ, kò bọ̀. Ìròyìn dé bá bàbá nílé, ó sì mọ̀ pé nígbà tílẹ̀ bá mọ́, òun náà gbọ́dọ̀ jáde sójú ogun yẹn, òun kò sì ní padà. Nínú ìran yìí ló ti máa kó àwọn ará ilé rẹ̀ jọ, tí yóò wí fún wọn pé, "Ọ̀la ni n ó kú."

Gbólóhùn kékeré yìí ni ẹnu mi kọ̀. Ṣé o mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà? A kì í fi ẹnu ara wa pe ibi sórí ara wa. Bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀, tí wọ́n bá béèrè bí ara ti rí, "Ara mi le" lo máa dáhùn, bí eyín rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Bí nǹkan burúkú bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, o gbọ́dọ̀ yára fi ọ̀tá rẹ sí i kó tó balẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nínú ìgbáradì, mo gbé àyà síta, mo ní, "Ọ̀la ni ọ̀tá mi ó kú!" Ẹ̀rín pa gbogbo gbọ̀ngàn. Nígbà kejì, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àmọ́ mo rọra fi "kì í ṣe èmi o, lórúkọ Jésù" sí i lábẹ́nu, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e jáde ketekete.

Nílé wa ní Raji Rasaki Estate gan-an, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dìjà. Mò ń dá kọ́ ọ nínú yàrá ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà tí màmá mi já wọlé láti ilé ìdáná, ọṣẹ abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgúnpá, wọ́n ti gbé ìgò òróró àdúrà dání.

"Ta ló ń kú? Nínú ilé tí mò ń gbé?"

"Màámi, eré ni."

"Eré kẹ̀! Ẹnu náà kọ́ ló ń pa èèyàn?"

Wọ́n fi òróró pa mí níwájú orí, wọ́n tún fi pa ìwé eré náà. Gbólóhùn yẹn gan-an ni òróró balẹ̀ sí, ó sì rin ín títí mi ò fi rí i kà dáadáa mọ́. Mo gbé e lọ han Màdáàmù bíi pé ẹ̀rí ni mo mú wá. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí, àti pé èmi ò mọ ọkùnrin tí mò ń ṣe. Wọ́n wá sọ fún mi nípa Alájì tó ń ta mílíìkì àti ọṣẹ ní Apple Junction, pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àìsàn ọkàn sì ń bá òun náà fínra. "Lọ máa rajà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ni kí o máa wò, má wo ojú wọn. Má sì bi wọ́n ní ohunkóhun." Mo fura lónìí pé láti ọ̀dọ̀ Alájì yìí gan-an ni Màdáàmù ti rí eré wọn kọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra mílíìkì, ṣùgbọ́n mi ò bi wọ́n rí.

Ohun tí mo rò pé mo máa bá ni bàbá arúgbó kan tó káwọ́ lérí, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Bàbá gíga kan ni mo bá, onírùngbọ̀n funfun, ọmọ Ìwó, tó ń bá oníbúrẹ́dì fa wàhálà pé búrẹ́dì àná ló gbé wá. Bí wọ́n ṣe ń bá a jà ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú débi pé wọ́n ti gé ojú sálúbàtà wọn kó lè gbà wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin, òun nìkan ló kù fún wọn, ti pa ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tirẹ̀ tì, ó wá ń tọ́jú wọn. Òun ló sọ fún mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bó ṣe ń di ọṣẹ tí mo rà, pé dókítà ní ọkàn Alájì ti rẹ̀, kí àwọn máa fún wọn lóògùn, kí àwọn má sì jẹ́ kí wọ́n máa ronú. Mo rò ó títí. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí ẹlòmíràn kò fi ní máa ronú?

Ọjọ́ yẹn náà ni Alájì gbé búrẹ́dì sókè, tí wọ́n ní, "Bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yìí máa rẹ́ yín jẹ o."

"Ẹ ò ní kú, Alájì!" ni ọmọ wọn ké.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lórúkọ Jésù!" lèmi náà ké láìtilẹ̀ mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

Alájì rọra gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ náà wà lára wọn," ni wọ́n wí. Mi ò lóye ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni.

Báyìí ni mo ṣe di oníbàárà. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń yà, mo máa ra nǹkan kékeré kan, mo máa jókòó sórí páálí mílíìkì, mo máa wo ọwọ́ Alájì. Mo jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ eré ti ń kúrò lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀; ọkùnrin yìí ló ń jẹ mí lógún. Báwo lèèyàn ṣe lè pàdánù ọmọ rẹ̀, kó sì tún máa bínú sí búrẹ́dì? Wọ́n á nu agolo mílíìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. Wọ́n á bu ata ilẹ̀ mu. Bí wọ́n bá pe àdúrà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wúwo yẹn wọ́ lọ sí mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Mo ń wá ìbànújẹ́ lójú, mi ò rí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún Màdáàmù pé ẹni tí wọ́n ní kí n lọ wò ti gbàgbé.

Nígbà tó yá ni mo wá rí i, ó sì jẹ́ nǹkan tó jẹ́ pé bí èèyàn ò bá jókòó pẹ́, kò lè rí i. Alájì kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ìwọ náà mọ bí ìyẹn ṣe ṣàjèjì tó. Àgbà wo ló máa jókòó ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọmọdé á wà níwájú rẹ̀, tí kò ní rí ibi rán an? Àwọn àgbà wa á pè ọ́ láti ìta kí o wá bá wọn mú ohun tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí Alájì bá fẹ́ omi, àwọn fúnra wọn ló ń dìde. Bí oníbàárà bá fẹ́ nǹkan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àwọn fúnra wọn ló ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wọ́n fẹ́ sọdá lọ ra èédú, mo fò dìde.

"Alájì, ẹ rán mi, sà."

"Jókòó. Mi ò rán èèyàn níṣẹ́ mọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ kírun lọ́jọ́ yẹn, ọmọ wọn sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọjà mílíìkì kan wà tí wọ́n fẹ́ lọ gbà ní Mile 2. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó rẹ òun, kí àwọn jẹ́ kó di ọ̀la. Alájì ní iṣẹ́ òní, òní ni. Ó lọ, kọ̀ǹtéínà sì já bọ́ lé e lórí láti orí tírélà. "Wọn ò sunkún lójú wa rí," ni ó wí. "Wọn ò sì lọ síbi tí wọ́n sin ín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òbí kì í lọ." Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa: ojú òbí kì í rí ibojì ọmọ. Àwọn ọkùnrin mọ́sáláṣí ló gbé e lọ, Alájì sì jókòó sílé títí wọ́n fi dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bí ibẹ̀ ṣe rí, wọn ò sì béèrè.

Ní Mọ́ńdè kan, òjò mú mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ wọn ti lọ gba oògùn. Èmi àti Alájì nìkan la jókòó tí à ń wo bí omi ṣe ń kún gọ́tà.

"Kí lò ń wá níbí gan-an?" ni wọ́n bi mí lójijì. "Mílíìkì tí o ti rà lọ́wọ́ mi, o lè fi wẹ̀."

Ojú tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: eré, Balógun, òróró màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n wá ní kí n sọ ìtàn Balógun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́, mo sì ti ń sọ ọ́ lọ kí n tó rántí ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ dúró. Wọ́n fọwọ́ ṣe é fún mi pé kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó ti kó àwọn ará ilé jọ, tó ní ọ̀la lòun máa kú, wọ́n mi orí.

"Ó ríre," ni wọ́n wí. "Wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."

Òjò ń rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ní mo wà lára wọn.

"Èmi náà ní tèmi," ni Alájì wí. "Ṣé o máa jẹ́ kí n parí ẹ̀?"

"Mo ń gbọ́, sà."

"Mo fẹ́ rán ẹ níṣẹ́."

Alájì tí kì í rán èèyàn níṣẹ́ mọ́ ló fẹ́ rán mi yìí. Iṣẹ́ náà kò le: kí n lọ sí ìtẹ́ òkú tí wọ́n sin ọmọ wọn sí, kí n wo ibẹ̀ dáadáa, kí n wá ròyìn rẹ̀ fún wọn. "Àwọn àgbà ní ojú mi ò gbọ́dọ̀ rí i. Mi ò sì ní rú òfin wọn. Àmọ́ wọn ò sọ pé kí etí mi má gbọ́."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí tí wọ́n fi ń jẹun níbi iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wo ìwé, ó mú mi gba àárín koríko lọ. Mi ò tíì fara balẹ̀ wo nǹkan báyìí rí láyé mi. Mo ka búlọ́ọ̀kì tí wọ́n tò yí i ká. Mo bu iyanrìn ibẹ̀, mo fi ọwọ́ rà á wò. Mo dúró síbẹ̀ kí n lè mọ ibi tí òòrùn ń gbà bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Alájì ti ń dúró dè mí, wọ́n sì ń béèrè nǹkan tí n kò rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè béèrè. Ṣé omi máa ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn òjò? Mo ní kò sí omi níbẹ̀, òkè díẹ̀ ni, òjò àná sì ti gbẹ. Ṣé òòrùn ń pa á? Mo ní igi mángòrò kan wà nítòsí, ibòji rẹ̀ máa ń dé ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ṣé wọ́n ń ro koríko rẹ̀? Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa? Wọ́n di ojú wọn bí mo ṣe ń dáhùn, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń rìn lọ síbẹ̀. Mo wo ọwọ́ wọn. Ó wà lórí itan wọn, ó ń ṣe bíi pé ó ń tẹ́ iyanrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Apá ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́?" ni ìbéèrè tó kẹ́yìn. "Ṣé wọ́n ti sin ẹnìkan síbẹ̀?"

"Rárá, sà. Ilẹ̀ lásán ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá sọ iṣẹ́ kejì, ìyẹn sì ni iṣẹ́ gan-an. Kí n sọ fún ọmọ wọn pé bí àwọn bá kú, kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí Ìwó bí gbogbo ẹbí ṣe rò. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn ni kí wọ́n tẹ́ wọn sí. Wọ́n ní àwọn ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò jẹ́ kí àwọn dé ìdajì. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ mọ̀, mo ti gbàgbé ìkìlọ̀ Màdáàmù pátápátá.

"Èmi ni mo rán an jáde," ni wọ́n wí. "Kò yẹ kí n fi òun nìkan sílẹ̀ síbi tí mo rán an dé."

Ọmọ wọn wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Mo lọ bá a lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa tutù lẹ́nu mi. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, píìnì aṣọ méjì wà láàárín eyín rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, Alájì ní..." Mo wo ojú rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ikú bàbá. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré dìde, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Mo ní, "Alájì ní kí ẹ má gbàgbé oògùn àwọn o." Ó yọ píìnì lẹ́nu, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà." Èmi náà ṣe àmín.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ò tilẹ̀ jẹ́ ẹ rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbàdúrà kíkankíkan fún Alájì, mo pàṣẹ fún ikú kó gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àdúrà yẹn, tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ni pé bó bá gbà, kò ní sí ìdí fún mi láti jíṣẹ́ náà mọ́.

Ní Wẹ́sìdeè, bí mo ṣe wọlé ni Alájì sún mọ́ mi.

"O ti jẹ́ ẹ?"

"Mo ti jẹ́ ẹ, sà."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"Alihamudulilahi," ni Alájì wí. Wọ́n tún agolo kan ṣe lórí pẹpẹ, wọ́n sì bu ata ilẹ̀ fún mi mu. Ó gbóná, ó sì ta mí lọ́fun, mo mu ún tán nítorí pé mi ò lè wo ojú wọn.

Ní òwúrọ̀ Fúráìdè, bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo rí i pé ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, èrò sì kún iwájú ilé. Alájì ti lọ kí wọ́n tó pe àdúrà àárọ̀. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti di wọ́n sínú aṣọ funfun, bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ sí Ìwó sì ti ń jó epo lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò Alájì, bàbá kan tó dúró dáadáa, ló ń ṣètò bí àwọn èèyàn ṣe máa wọkọ̀. Mo dúró lẹ́yìn èrò. Mo lè dákẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n rán mi. Wọ́n á gbé wọn lọ, wọ́n á sin wọ́n tayọ̀tayọ̀ sáàárín àwọn baba wọn, gbogbo ayé á sì ní ó dára.

Wọ́n ti ń gbé òkú náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí n tó pariwo pé kí wọ́n dúró. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Alájì rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí Ìwó. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn ni kí wọ́n sin àwọn sí." Mo sọ ọ́ tán. Bàbá náà bi mí ní ìgbà tí Alájì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Túsìdeè. Wọ́n bi mí ní ẹni tí wọ́n ní kí n jẹ́ ẹ fún. Mo nawọ́ sí ọmọ wọn. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú.

"Fún èmi?" ni ó wí. "Túsìdeè, o ní oògùn."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Àǹtí. Mi ò lè sọ ọ́."

Bàbá náà wò mí bíi kí wọ́n gbá mi létí, mo sì ń retí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí rí, ta ló máa jẹ́rìí sí i? Àfi ìgbà tí ọmọ Alájì wí pé òun gbà á gbọ́. Ó ní Alájì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa Ìwó láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni òun ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi ni mo ṣíwájú wọn gba àárín koríko lọ síbi ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún yẹn.

Mo ṣe Balógun ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn. Mi ò gbé àyà síta. Mo jókòó, mo tún àpótí ìtìsẹ̀ ṣe, mo sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọjà máa ná lọ́la. Àwọn kan sunkún. Màdáàmù dì mọ́ mi lẹ́yìn eré, wọ́n ní, "O ti rí i." Inú mi ò dùn. Mo fẹ́ sọ fún wọn bí mo ṣe rí i, ṣùgbọ́n mo bọ́ aṣọ Balógun sílẹ̀, mo sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n ṣe fìdáù, mo lọ. Ọmọ Alájì gbé oúnjẹ fún mi, ó sì jókòó tì mí. Ó sọ ọ́ láìsí ìbínú, ìyẹn ló jẹ́ kó le fún mi láti gbọ́. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Alájì kú, wọ́n pe òun lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?" Òun ní kò sí o, àfi kí wọ́n má gbàgbé oògùn wọn. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Má wọ̀ríì."

"Wọ́n rò pé mo ti gbọ́ ni," ni ó wí. "Wọ́n rò pé mo kọ̀ fún wọn."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde, ó ní òun ti forí jì mí torí pé bàbá òun sùn síbi tí wọ́n fẹ́. Ó ní ẹ̀rín ọjọ́ yẹn nìkan ni òun ò mọ ẹni tí òun máa bi léèrè.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí, mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé wọ́n ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ẹ̀rín bàbá tó gbà fún ọmọ rẹ̀ ni, tó ti pinnu láti sùn sí Ìwó kó má bàa dà á láàmú. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mo ti mọ ohun tí mo lọ wá ní Apple Junction. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé akọni tó bá rí ikú tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán a máa wá ìgboyà. Alájì ní ìyẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Etí ni wọn ò rí, nínú gbogbo àwa tí a fẹ́ràn wọn. Nítorí náà, bí àgbà kan bá ní "bí mo bá kú" níwájú mi lónìí, mo máa ń pa fóònù mi, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń béèrè ohun tó kù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìwà rere ni. Wọn ò mọ̀ pé ọkùnrin kan ti fi iṣẹ́ rírán sílẹ̀ nítorí pé ọmọ tó rán kò padà, pé ó tún gbẹ́kẹ̀ lé mi, ó rán mi, mo padà wá, mo sì purọ́ fún un.